Ṣé Kí N Gbé Windows Tuntun Sórí Kọ̀ǹpútà Mi?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la mú wá lálẹ́ yìí, àwọn tó ń lo Windows ló sì kàn jù: ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé fún oníbàárà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláásí.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 10 yìí ti wà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2015. Pé ìtọ́jú rẹ̀ dúró kò ní kí kọ̀ǹpútà má tàn. Ẹni tó tan tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì rí i pé gbogbo fáìlì rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi wọ́n sí, ìwé ṣì ń jáde lẹ́nu pírińtà. Ohun tó yí padà ni pé bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára Windows 10 lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò bá wa dí i mọ́, àfi tí a bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú. Lójú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn, àkọlé kan ń yọ, ó ń wọlé, ó ń jáde: ẹ wá gba Windows 11. Àwọn kan ti tẹ̀ ẹ́ láìwo ọ̀tún wo òsì. Àwọn mìíràn ti ń pa á tì láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 tí Windows 11 ti jáde; wọ́n ní èyí tí ọwọ́ àwọn ti mọ́ ló tó àwọn.

Mi ò ní sọ fún gbogbo yín lálẹ́ yìí pé ẹ gbà á, mi ò sì ní sọ pé ẹ má gbà á. Òṣùwọ̀n kan ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Kí kálukú bi ara rẹ̀ pé: bí ohun tuntun yìí bá dé tó bá iṣẹ́ mi jẹ́, ṣé mo ní ọ̀nà tí mo lè gbà padà? Ẹni tó bá ní ọ̀nà àtipadà lè gbà á lọ́la. Ẹni tí kò bá ní, kó má tíì fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí àkọlé yẹn máa yọ tó. Bóyá Windows 11 rẹwà, bóyá bọ́tìnnì rẹ̀ wà láàárín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ò tó nǹkan tí a ń fi ìrọ̀lẹ́ jiyàn lé lórí.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí update ni gbogbo èèyàn ń pe méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe ààbò tí Microsoft máa ń gbé jáde lóṣooṣù, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ètò yìí. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í sábà yí ojú kọ̀ǹpútà padà. Ihò ló ń dí. Èkejì ni àyípadà ńlá, èyí tó ń sọ Windows 10 di Windows 11, tàbí tó ń gbé Windows 11 láti ẹ̀dà ọdún kan bọ́ sí ẹ̀dà ọdún tó tẹ̀ lé e. Àtúnṣe ààbò dà bí ìgbà tí a bá pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Àyípadà ńlá dà bí ìgbà tí a bá ṣí òrùlé ilé láti tún un kàn, tí àwọn ará ilé sì ṣì wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọwọ́ tí a fi ń mú ọ̀kan kọ́ la fi ń mú èkejì.

Ti àkọ́kọ́, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún ihò tó wà nínú ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NSA ti mọ ihò náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ibẹ̀ wọlé. Irinṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì, wọ́n sì tú u síta fún gbogbo ayé nínú oṣù Kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sọ ní WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè 300 dọ́là ní owó bitcoin kó tó ṣí i, bí ọjọ́ mẹ́ta bá sì kọjá, ó di 600. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150.

NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà, wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀ gan-an. Ìwádìí tí àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò níbẹ̀ gbé jáde lọ́dún yẹn sọ pé ó kéré tán, 81 nínú 236 ẹ̀ka tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn ní England ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láwọn ibì kan, wọ́n darí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn gba ibòmíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé pẹ̀lú dókítà àti iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fagi lé. Ohun tó ká mi lára jù nínú rẹ̀ ni pé oògùn ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọn tó kó o, Windows 7 ló wà lórí wọn, Microsoft sì ṣì ń tọ́jú Windows 7 nígbà náà. Kì í ṣe pé wọn ò gbé Windows tuntun wá ló kó bá wọn. Àtúnṣe oṣooṣù lásán, tí kò gbà ju kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún un tàn, òun ni wọn ò fi síbẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nílẹ̀ wa a máa bá oníbàárà wọn pa gbogbo update pátápátá, wọ́n á ní kó má baà jẹ dátà. Òótọ́ ni pé dátà wọ́n. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn, tó fi dé ìdajì, gbogbo wa la sì ń san án. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú Settings, níbi tí wáìfáì wà, ẹ lè sàmì sí i pé dátà yín ní ìwọ̀n, ìyẹn ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé metered connection. Kọ̀ǹpútà á dáwọ́ dúró láti máa fa ohun ńlá wálẹ̀ láìbéèrè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá dé ibi tí dátà wà, ní ọ́fíìsì tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kó gba tirẹ̀. Ẹni tó pa á pátápátá yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá àkókò fún un.

Mi ò ní tàn yín pé àtúnṣe kékeré kì í ní àbùkù. Ní ọjọ́ kan náà tí ìtọ́jú Windows 10 parí, àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde fún Windows 11 sọ kíbọọ̀dù àti máòsì USB di aláìṣiṣẹ́ nínú apá tí èèyàn fi ń tún kọ̀ǹpútà tó dákú ṣe. Wọ́n yára tún un ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù náà. Síbẹ̀, bí mo bá gbé ewu méjèèjì sórí ìwọ̀n, ewu ẹni tí kò gba àtúnṣe ààbò wúwo ju èkejì lọ dáadáa.

Àyípadà ńlá ló yẹ ká fara balẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá ọdún náà, Microsoft gbé ẹ̀dà Windows 10 tuntun jáde, èyí tí wọ́n pè ní 1809. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àwọn tan kọ̀ǹpútà àwọn, àwọn ò rí ìwé àwọn mọ́, àwọn ò rí fọ́tò àwọn mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fara pa mọ́ síbì kan o. Ó ti nù wọ́n dànù. Ohun tó fà á nìyí. Windows fàyè gba èèyàn láti gbé fódà Documents rẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ àtètèkọ́ṣe lọ sórí dísìkì mìíràn, bóyá torí dísìkì àkọ́kọ́ ti ń kún. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì wọn kan ṣì kù sínú fódà àtijọ́. Àwọn tó ṣe ètò tuntun náà rò pé fódà àtijọ́ ti ṣófo, wọ́n sì ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Microsoft dá a dúró. Wọ́n ní àwọn tó fẹjọ́ sùn pé fáìlì àwọn lọ kò ju ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó sì di ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún un gbé jáde. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kéré, bí ẹni náà kì í bá ṣe ìwọ. Ó sì hàn lẹ́yìn náà pé àwọn kan lára àwọn tó ń bá wọn dán ètò náà wò ti kọ̀wé sí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú kó tó jáde, ìwé wọn ló sọnù láàárín ọ̀pọ̀ ìwé. Kódà títí di àsìkò yìí, Microsoft fúnra rẹ̀ kì í gbé àyípadà ńlá fún gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 jáde lọ́dún 2024, wọ́n dá a dúró fún irú àwọn láptọ́ọ̀pù ASUS kan, wọ́n sì dá a dúró fún àwọn tó ní àwọn eré kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀dọ̀ Ubisoft lórí ẹ̀rọ wọn, torí ìjà ń bẹ láàárín wọn. Bí ẹni tó ṣe é bá lè ní sùúrù, ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun èyíkéyìí lo oṣù kan tàbí méjì lóde kí ẹ tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú bá yín tẹ ọ̀nà náà wò.

Ṣùgbọ́n ti Windows 11 fúnra rẹ̀, àwíjàre pé ó ṣì tuntun ti tán. Láti ọdún 2021 ló ti wà níta. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè gbà á, tó ń fi í wọ báńkì, tó ń fi í gba ìwé oníbàárà, tí kò sì tíì gbà á, kó mọ̀ pé ìdúró rẹ̀ náà ti di ìpinnu, ewu tirẹ̀ sì ń ga lóṣooṣù.

Ẹ ò ní ṣàì bi mí pé báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà wa lè gbà á. Microsoft ní kó ní RAM tó tó 4 GB ó kéré tán, kí dísìkì rẹ̀ tó 64 GB, kó ní ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kí ọpọlọ rẹ̀ (processor) sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. TPM ni ibi ìpamọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kí olè má baà rí i jí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó wà níbẹ̀, pípa ni wọ́n pa á nínú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú kí Windows tó tàn. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á bá yín ṣí i. Ti ọpọlọ ló le. Fún Intel, ìran kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ìyẹn èyí tó jáde láti nǹkan bí òpin ọdún 2017, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda díẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. 4 GB yẹn náà, ẹ má gbára lé e. Á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Chrome àti Word pọ̀, ẹ ó máa dúró dè é. 8 GB ni kí ẹ fojú sí, kí dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ SSD.

Ibí yìí ló kan àwa tí a ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti láwọn ìlú wa yòókù. HP EliteBook 840 G3, Lenovo ThinkPad T460, Dell Latitude E7470, ẹ̀rọ gidi ni gbogbo wọn, irin wọn le, wọ́n sì ń pẹ́ lọ́wọ́. Intel ìran kẹfà ló wà nínú wọn. Wọn ò sí nínú ohun tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11. EliteBook 840 G5 àti ThinkPad T480 wà tó ní ìran kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí àwọn kan wà lára méjèèjì tó jẹ́ ìran keje. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ò le: ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà About, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Processor sí. Bí ẹ bá rí i5-6300U, 6 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà yẹn ni ìran rẹ̀. i5-8350U, ìran kẹjọ. i5-10210U, ìran kẹwàá. Microsoft tún ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tó máa sọ fún yín tààrà bóyá ó lè gbà á, àti ohun tó kù bí kò bá lè gbà á.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra: pé ẹ rí Windows 11 lójú láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì ẹni tó ń tà á kò fi hàn pé ẹ̀rọ náà yẹ fún un. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí wọ́n fi ń gbé e gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe yìí gan-an sì ni ìdí tí a fi ń kúrò lórí Windows 10. Ẹni tó fi ń wo fíìmù lè gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ń san owó òṣìṣẹ́, èmi ò gbà á nímọ̀ràn.

Ká ní ẹ̀rọ yín yẹ. Ìbéèrè tó kù ni ti iṣẹ́ tí ẹ ń fi ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń mú owó wọlé. Ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé, tí pírińtà rẹ̀ ti dàgbà, kó kọ́kọ́ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣe dráífà fún Windows 11. Ẹni tó ń fi ètò ìṣírò owó àtijọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti rà láti ọdún gbọ́nhan, kó pe àwọn tó tà á fún un. Ẹni tó ń kọ Yorùbá tòun ti àmì ohùn, kó wò ó bóyá kíbọọ̀dù tó ń lò á ṣì máa ṣiṣẹ́, torí kò sí ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró bí i kí ẹ̀ àti ọ̀ di àpótí òfìfo lójú ìwé.

Kálukú ló sì ní ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ dán an wò. Iléèwé tó ń ṣe èsì ìdánwò lọ́wọ́, kó jẹ́ kí ìsinmi dé. Ẹni tó ní ilé ìdánwò kọ̀ǹpútà tí JAMB ń lò, kó má fọwọ́ kan ohunkóhun ní àsìkò ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, kó gbàgbé Windows 11 títí tó fi máa jáde lọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀nà àtipadà tí mo ń sọ ńkọ́? Ẹ̀dà iṣẹ́ yín ni. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù sórí háàdì dísìkì tó ń ṣeé yọ, kí ẹ sì kó èyí tó ṣe pàtàkì jù síbòmíì, bóyá Google Drive tàbí OneDrive. Ẹ má ro pé ó ti wà níbẹ̀. Ẹ ti dísìkì náà bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí fáìlì méjì mẹ́ta wò. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Àwọn tí ìwé wọn lọ lọ́dún 2018, ẹni tó ní ẹ̀dà lára wọn bínú ni, ó kó tirẹ̀ padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní i ló sunkún.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, Windows ti fi àṣírí bo dísìkì láìjẹ́ pé oníǹkan mọ̀. BitLocker ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn àyípadà ńlá, ó lè ṣàdédé béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó tó dígíìtì 48. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà yẹn, kò sí oníṣẹ́ tó lè bá yín ṣí i, ibi yòówù kó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín báyìí, ẹ wá nọ́ńbà náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tọ́jú ìwé náà síbi tí kì í ṣe inú àpò láptọ́ọ̀pù.

Ti iná wa, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín ìgbà tó ń ṣe àyípadà ńlá, ó lè má tan mọ́. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì rẹ̀ kún bámúbámú, kó sì wà lára iná. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS tàbí inverter, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ti dátà, ohun tí a ń fà wálẹ̀ ju 4 GB lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá pọ̀, bí ti iléèwé tàbí ilé ìtẹ̀wé, ẹ má fà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ sójú ewé Microsoft, ẹ gba Media Creation Tool, ẹ fi ṣe fúláàṣì kan tó tó 8 GB, òun lẹ ó máa gbé yí gbogbo wọn ká. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lójú pópó. Ẹ ò mọ ohun tó tún kó sínú rẹ̀.

Bó bá ti wọlé tán, aago ti ń ka nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Microsoft fún yín láti padà sí Windows 10 bí tuntun kò bá bá yín lára mu, láti inú Settings, ní Recovery. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa pa èyí àtijọ́ rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ padà á ní láti fọ gbogbo dísìkì. Nítorí náà, ẹ má lo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn fi wo ojú rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé. Ẹ ṣe skánì. Ẹ ṣí ètò ìṣírò owó yín. Ẹ so MiFi mọ́ ọn. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lóṣù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pa fódà Windows.old rẹ́ nítorí àyè, torí inú rẹ̀ ni ọ̀nà àtipadà yẹn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín kò lè gbà á, ẹ má sáré lọ ra òmíràn lọ́la. Microsoft fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe ààbò lórí Windows 10 títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ọgbọ̀n dọ́là ni, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá jẹ́ kí Windows tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú àkáǹtì Microsoft rẹ̀, àkáǹtì kan sì lè gba tó ẹ̀rọ mẹ́wàá. Àkáǹtì Microsoft nìkan àti ẹ̀dà Windows 10 tó kẹ́yìn, 22H2, ló gbà. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò gbà á, ara rẹ̀ ló ń fi jìn. Fún ilé-iṣẹ́, owó ni: dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kan lọ́dún àkọ́kọ́, á sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, kò sì kọjá ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa, torí lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, owó náà lè ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ kó tó parí.

Linux, ètò tí a lè lò dípò Windows, náà wà níbẹ̀, bí i Linux Mint, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń mú EliteBook 840 G3 yẹn sáré. Ẹ lè tan án láti orí fúláàṣì, kí ẹ lò ó wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísìkì. Ẹni tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì àti ìwé kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó tó o. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ Excel tàbí ètò ìṣírò owó tó jẹ́ ti Windows nìkan, kò ní bá a lára mu.

Fóònù ńkọ́? Ìlànà yẹn náà ni, àmọ́ ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Apple kì í pẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dà àtijọ́ lẹ́yìn tí tuntun bá dé, tí ẹ bá ti kọjá, ẹ ti kọjá nìyẹn. Ẹ gba àtúnṣe ààbò kíákíá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ńlá pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí Windows 10 ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má sùn lálẹ́ òní láìkó iṣẹ́ yín sórí dísìkì mìíràn. Tó bá sì di ọ̀la, ẹ wo nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀: bó bá yẹ, ẹ dá ọjọ́ kan nínú oṣù yìí tí ẹ ó gbà á, bí kò bá yẹ, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.